Ìmọ̀ ẹ̀rọ àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní community college: ìrírí mi ní Maryland

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé Maryland pẹ̀lú ìwé OND lọ́wọ́, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni gbogbo ènìyàn yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni o, níbi ìkómọjáde ni o, nínú ọkọ̀ ẹni tó ń gbé e lọ ra ẹ̀wù òtútù ni o, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Lọ ṣe GNA, kí o ti ibẹ̀ bọ́ sí LPN, kí o ti LPN bọ́ sí RN." GNA ni olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àgbàlagbà, LPN àti RN sì ni ipele nọ́ọ̀sì tó ga jù ú lọ. Ìmọ̀ràn rere ni. Iṣẹ́ yẹn ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ró, owó GNA lèmi náà sì fi ń gbọ́ bùkátà ara mi. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ló wà lọ́kàn mi láti ilé. Mo fẹ́ kọ ọ̀nà tí mo gbà sílẹ̀ nítorí àwọn àbúrò tó ń pè mí láti béèrè ti pọ̀, ìdáhùn orí fóònù kì í sì í tó.

Poli Ìbàdàn ni mo ti gba OND nínú Civil Engineering. Àbúrò ìyá mi ló gbà mí sílé ní Germantown. Nígbà tí wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe, mo ní, "Àǹtí mi, ẹnjiníà náà ni o."

Wọ́n wò mí títí. "Ọmọ mi, òyìnbó wo lo fẹ́ fi ṣe é? Eléyìí tí àwa ń sọ yìí, ṣé wọ́n á gbọ́ ọ?"

"Wọ́n á gbọ́ mi, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wádìí ná."

Wọn ò bínú. Ní ọjọ́ tí wọn ò níṣẹ́, àwọn fúnra wọn ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Montgomery College. Ìbéèrè wọn yẹn sì ṣe mí láǹfààní ju bí wọ́n ṣe rò lọ, nítorí ó jẹ́ kí n fọwọ́ pàtàkì mú Gẹ̀ẹ́sì láti sáà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ló sún un síwájú, wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ gba ìṣirò kọjá ná. Èmi gbà pé kí ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà ní ilẹ̀ yìí mú méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́. Community college jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ètò rẹ̀ wà fún ọdún méjì. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ni Joliet Junior College ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901. Ní 1946, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ni Montgomery College bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Bethesda. Lónìí ó ní ọgbà ní Rockville, Germantown, àti Takoma Park/Silver Spring. Kò sí JAMB níbẹ̀, kò sí cut-off mark. Ẹni tó bá ti parí girama lè wọlé. Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í lé ènìyàn padà. Wọ́n fẹ́ mọ kíláàsì ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn tó ń bọ̀ pé kí wọ́n ka ìwé dáadáa kí wọ́n tó jókòó sí ìdánwò yẹn. Kíláàsì tí wọ́n bá fi ọ́ sí ló máa pinnu iye sáà tí o máa lò.

Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. College Board, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣírò rẹ̀ pé ní 2024 sí 2025, nǹkan bí 4,050 dọ́là ni owó ilé ìwé ọdún kan ní community college fún ẹni tó ń gbé ládùúgbò rẹ̀, tí a bá dá gbogbo Amẹ́ríkà pọ̀. Ní yunifásítì ìjọba, ọmọ ìpínlẹ̀ náà ń san nǹkan bí 11,610. Ní Maryland, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín owó náà sí: ẹni tó ń gbé ní county náà, tó dà bíi ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ló ń san èyí tó kéré jù, ẹni tó wá láti county mìíràn ń san jù ú lọ, ti ẹni tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá sì ló ga jù. Nítorí náà, ìwé tó fi hàn pé o ń gbé ní county náà, ì báà jẹ́ ìwé ilé, ìwé báǹkì tàbí láísẹ́ǹsì, má ṣe jẹ́ kó sọnù.

Àwa tí a ti Poli jáde ní ẹ̀rù kan tí àwọn ẹlòmíràn kì í ní. A mọ bí ọ̀rọ̀ HND àti BSc ṣe rí nílé, bí ìwé kan ṣe lè dí ẹni lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, tí a bá gbọ́ pé ọlọ́dún méjì ni ilé ẹ̀kọ́ kan, ọkàn wa kì í balẹ̀. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣe ọdún méjì àkọ́kọ́ ní community college tó sì kọjá sí yunifásítì, ìwé ẹ̀rí yunifásítì yẹn gan-an ni yóò gbà níkẹyìn, ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ṣùgbọ́n ó ní irú ìwé ẹ̀rí tó yẹ kó gbà, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i tí ọ̀pọ̀ ń ṣìnà. A.A.S., ìyẹn Associate of Applied Science, wà fún ẹni tó fẹ́ wọ iṣẹ́ kíákíá gẹ́gẹ́ bíi technician. Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, calculus, ìṣirò nípa bí nǹkan ṣe ń yí padà, kì í sábà pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó wà fún ẹni tó ń lọ sí yunifásítì ni A.S. (Associate of Science), tàbí ní Maryland níbí, A.S.E., ìyẹn Associate of Science in Engineering. Orúkọ wọn jọra, ẹni tó ń yára forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù lè mú ọ̀kan fún èkejì. Ẹni tó bá ṣe A.A.S. tán kó tó pinnu pé òun fẹ́ gba dìgírì ẹnjiníà yóò rí i pé púpọ̀ nínú ohun tó kọ́ ni yunifásítì ò ní kà fún un.

N kò sọ pé ọ̀nà kejì yẹn kò dára o. Bùrọ̀dá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ti ń tún fíríìjì ṣe ní Mushin kí wọ́n tó dé ibí. Ẹ̀kọ́ HVAC, ìyẹn iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù àti amúlégbóná, ni wọ́n lọ ṣe, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Gudelsky Institute nínú ọgbà Rockville, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ náà. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì, wọ́n ní ọkọ̀ iṣẹ́ tiwọn báyìí, wọ́n sì ti gba ọmọ wa méjì síṣẹ́. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé ni.

Ìṣirò ló ni kàlẹ́ńdà ẹnjiníà. Calculus I ni MATH 181, Calculus II ni MATH 182, lẹ́yìn ìyẹn ni MATH 280, tó ń kọ́ni ní calculus tí nǹkan tó ń yí padà inú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, àti MATH 282, differential equations. Calculus I kò ṣeé fò. O gbọ́dọ̀ gba C, ó kéré tán, kí wọ́n tó jẹ́ kí o wọ èyí tó tẹ̀lé e. Physics tó wà fún ẹnjiníà ń dúró de calculus, Statics, ẹ̀kọ́ nípa agbára tó wà lára ohun tó dúró jẹ́ẹ́, náà ń dúró dè é, Dynamics (ti ohun tó ń rìn) àti Mechanics of Materials (ti bí ohun èlò ṣe ń gba ẹrù) sì ń dúró de Statics. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti Precalculus bíi tèmi, o ti fi sáà kan kún un nìyẹn. Bí o bá tún ń ṣiṣẹ́ òru, má ṣe retí àtiparí lọ́dún méjì. Ọ̀pọ̀ wa lo ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ohun tí mo ṣe kí n tó forúkọ sílẹ̀ fún ohunkóhun ni pé mo mú ìwé funfun ńlá kan, mo kọ orúkọ gbogbo kọ́ọ̀sì sí i, mo wá fi ọfà so èyí tó ń dúró de òmíràn. Mo gbé e lọ bá olùdámọ̀ràn tó wà fún àwọn ọmọ ẹnjiníà. Kì í ṣe gbogbo olùdámọ̀ràn ló mọ̀ nípa ẹnjiníà. Èyí tó mọ̀ ọ́n ni kí o béèrè fún. Ó wo ọfà mi, ó sún Precalculus sí ìgbà ẹ̀rùn nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí mo ń ṣe, ó sì fi hàn mí pé kọ́ọ̀sì kan tí mo gbé sí ìparí, sáà kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ. Tí mo bá ti pàdánù rẹ̀, ọdún kan gbáko nìyẹn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ sí, nítorí àwa ọmọ Nàìjíríà gbà pé a ti mọ̀ ọ́n tán. Gẹ̀ẹ́sì la fi kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì la fi ṣe WAEC, òun la sì fi gba OND. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ oríṣiríṣi ni ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní community college, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà fún yàtọ̀.

Ọ̀kan wà fún àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó fẹ́ lè bá dókítà sọ̀rọ̀ tàbí kó ka lẹ́tà tí ilé ìwé ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́. Kò ní kírẹ́dìtì, owó rẹ̀ kì í pọ̀, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Tí ìyá tàbí bàbá rẹ bá wá síbí láti bá ọ tọ́jú ọmọ, tí wọ́n ń jókòó sílé lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù, bá wọn béèrè fún un. Mo ti rí ìyá tó ń bẹ̀rù àtidá wọ bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó lọ, tí wọ́n wá ń dá lọ sọ́jà. Òmíràn wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀, tó sì ń múra sílẹ̀ fún kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀kọ́ kíkà, kíkọ àti gírámà ló wà nínú èyí, òun ni wọ́n sì máa ń pè ní ESL, English as a Second Language. Bí wọ́n bá fi ọ́ síbẹ̀, má kà á sí àbùkù. Bí ó bá dá ọ lójú pé o ju ibẹ̀ lọ, fi sùúrù béèrè bóyá wọ́n lè wo ìwé WAEC rẹ tàbí kí o tún ìdánwò náà ṣe. Lẹ́yìn náà ni ENGL 101 àti ENGL 102, kọ́ọ̀sì àròkọ kíkọ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí àwọn tí wọ́n bí síbí náà ti ń bá wa jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ràn lítíréṣọ̀ sì lè fi Gẹ̀ẹ́sì gan-an ṣe ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ọmọbìnrin Abẹ́òkúta kan tí a jọ wà ní ENGL 101 ló gba ọ̀nà yẹn, iṣẹ́ olùkọ́ ló fẹ́ ṣe.

ENGL 101 ni wọ́n gbà mí sí. Ìyá kan tó ti dàgbà ló kọ́ wa, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń máàkì. Àròkọ àkọ́kọ́ tí mo kọ fún wọn, lórí omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn lọ́dún 1980 ni. Mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti kékeré lẹ́nu bàbá mi, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tí ìwé náà padà dé ọwọ́ mi, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́, níbi tí mo ti ń sọ bí omi ti ṣe pàtàkì sí ẹ̀dá àti bí ìlú Ìbàdàn ti tóbi tó. Ní ìpínrọ̀ kẹta, wọ́n fi pẹ́ńsù yí gbólóhùn kan po. Ibẹ̀ ni mo ti sọ pé òjò nìkan kọ́ ló fa ìjàǹbá náà, pé pàǹtírí àti ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà odò ni kò jẹ́ kí omi rí ibi gbà. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ibí yìí ni àròkọ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó ti ìwé yẹn pẹ́ ní láíbìrì. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà ni pé kí a kí ènìyàn dáadáa kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kọ lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ àròkọ nílé ìwé girama. N kò sì ní sọ pé kò dára. Ẹni tó ń ka ìwé ẹnjiníà níbí ń wá ohun kan pàtó, ó sì fẹ́ rí i lójú ẹsẹ̀: kí lo rí, kí ló fà á, báwo lo ṣe mọ̀? Nígbà tí mo dé láàbù physics, tí olùkọ́ ní kí a fi èsì ìwádìí wa ṣíwájú kí a tó sọ bí a ṣe ṣe é, ó ti mọ́ mi lára. Àwọn tí kò tíì gba ENGL 101 nínú wa mọ ìṣirò jù mí lọ, àmọ́ ibi kíkọ ìròyìn láàbù ni máàkì wọn ti ń bọ́.

Ohun mìíràn tó tún wà ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Nílé, a máa ń kó handout lẹ́kítọ́rà sórí, a ó sì dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò bó ṣe wà, olùkọ́ á sì yọ̀ sí wa. Níbí, bí o bá kọ gbólóhùn ẹlòmíràn láìsọ ẹni tó ni ín, olè ni wọ́n kà á sí, ó sì lè ba ìwé rẹ jẹ́ títí dé yunifásítì. ENGL 101 àti 102 ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe é, kí ènìyàn tó dé ibi tí àṣìṣe ti ń náni lówó. Wọ́n tún máa ń ní Writing Center, níbi tí wọn yóò ti jókòó tì ọ́ ka ohun tí o kọ, láìgba kọ́bọ̀. Mi ò gbé àròkọ kankan fún olùkọ́ láì kọ́kọ́ gbé e débẹ̀.

Sáà tí gbogbo rẹ̀ so pọ̀ fún mi ni ti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, nígbà tí mo ń ṣe Calculus II, Statics àti ENGL 102 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òru 26 oṣù Kẹta, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá ìsinmi: ọkọ̀ ojú omi Dali, tó gùn tó 984 ẹsẹ̀ bàtà, ti kọlu òpó afárá Francis Scott Key ní Baltimore. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, afárá tí wọ́n ṣí ní 1977 ti wà nínú odò. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń dí kòtò lójú títì lórí rẹ̀ ló kú. Àwọn tó wá oúnjẹ òòjọ́ wá sí ilẹ̀ yìí bíi tiwa ni wọ́n, láti Mexico, Guatemala, Honduras àti El Salvador. Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ òru dákẹ́ nínú yàrá yẹn.

Ní kíláàsì Statics, olùkọ́ wa gbé àwòrán afárá náà sí ojú pátákó. Irin tí wọ́n so ní onígun mẹ́ta mẹ́ta ni, ibi tó fẹ̀ jù láàárín òpó méjì sì jẹ́ 1,200 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n ní kí a fi ìka bo òpó kan lórí àwòrán, kí a wá sọ ibi tí ẹrù rẹ̀ yóò gbà. Kò sí ibi tó lè gbà. Ohun tí a ti ń ṣe nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó rọrùn jù lára irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ hàn yín. Irin ìdábùú kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó jókòó lórí òpó méjì ní ìkángun méjèèjì. Ẹrù 600 pọ́ùn wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí òpó òsì. Mélòó ni òpó kọ̀ọ̀kan ń gbé? O dúró síbi òpó òsì, o fi 4 sọ 600 di púpọ̀, ó di 2,400. O fi 12 pín in, 200 ni òpó ọ̀tún ń gbé. Ìyókù, 400, jẹ́ ti òpó òsì tó sún mọ́ ẹrù. Ọmọ ọdún kìíní ní Poli lè ṣe é. Ohun tó yàtọ̀ níbí kọ́kọ́ ni ìwọ̀n: mítà àti Newton la fi kọ́ tiwa, pọ́ùn àti ẹsẹ̀ bàtà ló kún inú ìwé tiwọn, pẹ̀lú kip tó jẹ́ 1,000 pọ́ùn. Ó gba ìdánrawò kó tó di pé ojú mọ ìdáhùn tó tọ́ kí kàlìkulétọ̀ tó sọ ọ́. Èkejì ni pé olùkọ́ wa kì í fún ni ní máàkì pé tí a bá kọ 200 àti 400 nìkan. Ó fẹ́ gbólóhùn kan tàbí méjì lábẹ́ rẹ̀ tó sọ ohun tí a gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀: pé a kò ka ìwọ̀n irin náà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, pé àwọn òpó náà kò sún kúrò lójú kan. Ó ní ibi tí kò bá ti sí gbólóhùn yẹn ni ilé ti ń wó.

Olùkọ́ ENGL 102 ní kí a yan ìbéèrè kan tí a lè fi ìwádìí dáhùn. Mo mú ti afárá náà. Mi ò béèrè ìdí tí irin fi já, Statics ti sọ ìyẹn fún mi. Mo béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn ní òru yẹn. Atukọ̀ ti fi rédíò kígbe pé ọkọ̀ náà kò gbọ́ ti àwọn mọ́, ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá sì dí ẹnu afárá lọ́tùn-ún lósì kí ọkọ̀ ilẹ̀ má bàa gùn ún mọ́. Gbólóhùn kúkúrú, tó ṣe kedere, ló gba àwọn tí ì bá wà lórí afárá là. Àmọ́ ìkìlọ̀ náà kò dé etí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà yẹn kó tó bọ́ sórí. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí NTSB, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀, gbé jáde ní oṣù Karùn-ún 2024 ni mo gbára lé jù. Mo kà á títí tí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń to gbólóhùn: aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní oṣù Kọkànlá 2025, àjọ náà sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: wáyà kan nínú ọkọ̀ náà kò wọ ibi tó yẹ kó wọ̀ dáadáa nítorí bí wọ́n ṣe fi àmì orúkọ sí i lára, ó sì tú, iná ọkọ̀ kú.

Àròkọ yẹn ni mo fi mọ irú ẹnjiníà tí mo fẹ́ jẹ́. Àwọn tó ń yẹ afárá wò, tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó ni owó àtúnṣe yóò fi gbọ́, iṣẹ́ wọn ni mo ń lépa.

Nípa bíbọ́ sí yunifásítì, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ní Maryland, ojú ìwé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ ARTSYS, níbi tí o ti lè rí bí yunifásítì ìjọba kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ka kọ́ọ̀sì tí o ṣe. Ṣí i kí o tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, má dúró dìgbà tí o bá parí. Tọ́jú syllabus gbogbo kọ́ọ̀sì. Wò ó dáadáa pé dìgírì tí o ń lọ gbà ní ìfọwọ́sí ABET, àjọ tó ń yẹ ètò ẹ̀kọ́ ẹnjiníà wò, nítorí ọ̀nà àtigba láísẹ́ǹsì P.E. (Professional Engineer) rọrùn fún ẹni tó ní i. University of Maryland ní College Park ni mo lọ. Clark School tí wọ́n ti ń ṣe ẹnjiníà níbẹ̀ kì í kàn gba gbogbo ẹni tó bá mú A.S.E. wá, wọ́n máa ń wo máàkì calculus àti physics. Ẹ má gbàgbé Morgan State ní Baltimore náà, wọ́n ní Civil, wọ́n ní Electrical, ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì parí sí ENGL 102, kó mọ̀ pé ní College Park, professional writing jẹ́ dandan. ENGL 393, Technical Writing, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹnjiníà ń mú. Nígbà tí mo rí i nínú ìwé wọn, ara mi balẹ̀.

Owó ló kù. Ẹni tó bá ní green card lè kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kó sì rí Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba, gbà tí owó tó ń wọlé fún un kò bá pọ̀. Ní 2024 sí 2025, 7,395 dọ́là ni èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n ń fúnni lọ́dún, ìyẹn sì ju owó ilé ìwé community college lọ níbi púpọ̀. Kì í ṣe gbèsè. Àmọ́ ó ní òpin: iye tó tó ọdún mẹ́fà ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fún ẹnì kan ní gbogbo ayé rẹ̀. Ẹni tó bá ń mú kọ́ọ̀sì tí kò sí nínú ètò rẹ̀, tàbí tó ń tún ọ̀kan ṣe léraléra, lè lò ó tán kó tó dé ìparí yunifásítì. Ẹni tó bá fi F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, wá kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ó tún ní láti máa ṣe kírẹ́dìtì 12, ó kéré tán, ní sáà kọ̀ọ̀kan, inú ọgbà nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ. Kí àwọn tó wà nílé tó ń gbèrò F-1 fi èyí sọ́kàn kí wọ́n tó ta ilẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ, ṣe ìdánwò ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì kó tó di oṣù Karùn-ún, kọ FAFSA ṣáájú, kí o sì forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Kíláàsì Calculus ti ìrọ̀lẹ́ àti ENGL 101 ti òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kún, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa ló ń dù wọ́n.